Bààlúù Ogun Tó Sáré Dé Ọsirélíà

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin olùwòran wa. Bààlúù tẹ́ ẹ ń wò yìí, Vickers Vimy lorúkọ ẹ̀. Ìyẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìpele méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, aṣọ ni wọ́n sì fi bò ó. Torí kó lè lọ máa ju bọ́ǹbù sí Jámánì ni wọ́n ṣe ṣe é, àmọ́ ogun àgbáyé àkọ́kọ́ parí ní November 1918 kó tó ráyè jagun.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Billy Hughes, olórí ìjọba Ọsirélíà, gbé £10,000 kalẹ̀. Ọmọ Ọsirélíà tó bá fi bààlúù tí wọ́n ṣe ní Britain fò wálé láàárín ọjọ́ 30, kí ọdún 1919 tó parí, ló ni ín. Ẹnikẹ́ni ò tíì fò dé ibẹ̀ rí nígbà yẹn. Àwọn ìlú míì ò ní pápákọ̀ òfurufú, pápá eré ẹṣin ni wọ́n ń balẹ̀ sí.

Ní November 12, awakọ̀ òfurufú Ross Smith àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Keith gbé Vimy yìí gbéra ní Hounslow, nítòsí Lọ́ńdọ̀nù, pẹ̀lú mẹkáníìkì méjì, Jim Bennett àti Wally Shiers. Ibi tí wọ́n jókòó sí ò ní òrùlé. Lójú òfurufú ilẹ̀ Faransé, yìnyín bo awò ojú wọn. Lọ́jọ́ kejì, bààlúù Alliance tó ń bá wọn díje já lulẹ̀ bó ṣe gbéra, àwọn méjèèjì inú ẹ̀ sì kú. Àwọn méjì míì tó ń díje bá òkun lọ nítòsí Corfu, erékùṣù kan ní Gíríìsì.

Ohun tó ń dùn mí ni pé orúkọ awakọ̀ nìkan làwọn èèyàn máa ń pè. Ta ló ń tú ẹ́ńjìnnì méjèèjì yẹ̀ wò níbi gbogbo tí wọ́n bá balẹ̀ sí? Bennett àti Shiers ni. Ta ló sì yọ bààlúù náà ní Surabaya, ní erékùṣù Java? Ojú ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ, àmọ́ ẹrẹ̀ ló wà lábẹ́, ni táyà bá rì. Àwọn ará abúlé kó ẹní ọparun wá, kódà wọ́n tú èyí tó wà lára ilé wọn, wọ́n sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbọọrọ. Nígbà tí bààlúù kọ́kọ́ sáré lórí ẹ̀, atẹ́gùn fẹ́ ẹní dànù, táyà tún rì. Wọ́n tún kó púpọ̀ sí i wá, wọ́n so wọ́n mọ́ra, lọ́tẹ̀ yìí ó gbéra.

Wọ́n balẹ̀ ní ìlú Darwin, ní Ọsirélíà, ní December 10, lẹ́yìn ọjọ́ 27 àti wákàtí 20. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pín owó náà dọ́gba. Àmọ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò nìkan ni ọba fi oyè Sir dá lọ́lá, èyí ò sì tọ́ lójú tèmi.

Àwọn méjì míì tó fẹ́ díje, Ray Parer àti John McIntosh, náà ńkọ́? Wọ́n gbé DH.9, bààlúù ogun ẹlẹ́ńjìnnì kan, gbéra ní January 1920, nígbà tẹ́nì kan ti gba owó lọ. Owó ń wọ́n wọn débi pé wọ́n ń da ìwé ìpolówó ọjà sílẹ̀ látòkè ní Calcutta. Wọ́n já lulẹ̀ ní Burma, wọ́n tún un ṣe, wọ́n tún ń bọ̀. August 2 ni wọ́n tó dé Darwin, àwọn ló sì kọ́kọ́ fi bààlúù ẹlẹ́ńjìnnì kan débẹ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Hughes fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní £500.