Saint John's 2003: Ẹgbẹ́ tí kì í gbé ara wọn ṣánlẹ̀ níbi ìgbáradì

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ jẹ́ kí n gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ kí aago tó lé mi. Ní ọdún 2003, Saint John's, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn mọ́ńkì Benedictine ní Collegeville, Minnesota, gba ife-ẹ̀yẹ Division III nínú bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà. Eré 14 ni wọ́n gbá, wọn ò pàdánù ẹyọ kan. Ohun tí wọn kì í ṣe níbi ìgbáradì ló gbé wọn débẹ̀. Ibẹ̀ ni mo dúró sí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan, ẹ fi ọ̀kan yìí sọ́kàn. Bọ́ọ̀lù tó rí bí ẹyin ni. Ọmọ 11 kọjú sí 11. Ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ wọn ní àǹfààní mẹ́rin láti fi rin yáàdì 10, àwọn tó ń dènà yóò sì gbé ẹni tó di bọ́ọ̀lù mú ṣánlẹ̀. Division III ni ìsọ̀rí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tí kì í fún ọmọ ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ torí pé ó mọ bọ́ọ̀lù gbá.

John Gagliardi, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn nígbà náà, ti wà níbẹ̀ láti 1953. Ẹni ọdún 77 ni lọ́dún tí à ń sọ yìí. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni gbé ẹnìkejì ṣánlẹ̀ níbi ìgbáradì. Kò sí fèrè. Kò sí kẹ̀kẹ́ irin tí àwọn ẹgbẹ́ yòókù ń fi èjìká tì kiri pápá. Ìgbáradì kì í kọjá ìṣẹ́jú 90. Wọn ò sì gbọdọ̀ pè é ní kóòṣì: John ni kí wọ́n máa pè é. (Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá dán an wò nílé yín, ìyá rẹ̀ ló máa dáhùn.)

Kí ni wọ́n wá ń ṣe nínú ìṣẹ́jú 90 náà? Wọ́n á to ara wọn bí ẹgbẹ́ tí wọ́n máa bá pàdé ní Sátidé ṣe ń tò, wọ́n á gbá ète kan, wọ́n á tún un gbá, wọ́n á tún un gbá. Ẹni tó ń dènà á sáré dé ibi tó ti lè di ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù mú, á fi í sílẹ̀, á padà sí àyè rẹ̀. Torí pé kò sẹ́ni tó ń dìde nílẹ̀, wọ́n ń rí ète kan tún gbá lọ́pọ̀ ìgbà láàárín àkókò kékeré. Ojú ló ń kọ́ iṣẹ́ níbẹ̀: ẹsẹ̀ wo ló kọ́kọ́ yí, ta ló ń tàn wá, ibo ni bọ́ọ̀lù gbà lọ.

Àwọn tó ń ṣe àríwísí ní ìyẹn á sọ ọmọ di ọ̀lẹ. Ẹ bá wọn ṣe ìṣirò. Ẹ fi ọjọ́ mẹ́rin gbé ara yín ṣánlẹ̀ nítorí eré ọjọ́ kan ṣoṣo. Orúnkún ta lẹ ń fọ́? Ẹgbẹ́ alátakò ò tíì dé, ẹ ti bá wọn ṣe tiwọn. Àwọn mìíràn fẹ́ fara wé e, wọ́n yọ ìṣánlẹ̀ kúrò, wọ́n wá fi eré sísá wákàtí méjì dípò rẹ̀. Ẹsẹ̀ á ti kú kí Sátidé tó pé.

Ní November 8, wọ́n na Bethel 29 sí 26. Ìyẹn ni ìṣẹ́gun 409 fún Gagliardi, ó fi ọ̀kan ju 408 ti Eddie Robinson, akọ́nimọ̀ọ́gbá Grambling ní Louisiana, tí kò sí akọ́nimọ̀ọ́gbá kọ́lẹ́ẹ̀jì kankan tó ní jù ú lọ tẹ́lẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn ènìyàn dúdú ni Robinson ti kó tirẹ̀ jọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òfin tó ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun ṣì gbóná. Ìyẹn tó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún ara rẹ̀.

Alága ti ń fi aago hàn mí. Àṣekágbá, December 20, ní Salem, Virginia. Alátakò wọn, Mount Union ti Alliance, Ohio, ti gba eré 55 léra. Àwọn náà ló na Saint John's 10 sí 7 ní àṣekágbá 2000. Blake Elliott, ọmọ Saint John's, dá Mount Union láàmú, Mike Zauhar, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, já bọ́ọ̀lù gbà, ó gbé e sá yáàdì 100. 24 sí 6. Ó parí.

Ìbéèrè wá láti ẹ̀yìn, láti ẹnu bàbá kan: "Ẹ dákun, ta ló ń kọ́ ìjàkadì láìṣubú?"

Ẹ ṣeun, sà. Ìbéèrè yìí ló yẹ kí n fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn ti ṣubú tó láti ilé ẹ̀kọ́ girama. Ọwọ́ wọn mọ ìdìmú kí wọ́n tó dé Collegeville. Ohun tí wọn ò tíì ní ni mímọ ibi tó yẹ kí wọ́n dúró. Ẹni tó bá pẹ́ débẹ̀, bó lágbára bí erin, afẹ́fẹ́ ló máa dì mú. Ṣùgbọ́n ẹ rí mi mú níbì kan: ọ̀nà kejì wà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Dartmouth fòpin sí ìṣánlẹ̀ láàárín ọmọ ẹgbẹ́ ní 2010, wọn ò fòpin sí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Tìmùtìmù ni wọ́n ń gbé ṣánlẹ̀, nígbà tó yá wọ́n ṣe èyí tó ń fi mọ́tò sáré. Ní 2015, wọ́n pín ife Ivy League, ìdíje àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì mẹ́jọ tí Dartmouth wà lára wọn, pẹ̀lú Harvard àti Penn. Ní 2016, gbogbo akọ́nimọ̀ọ́gbá Ivy League fẹnu kò pé kí ìṣánlẹ̀ kúrò nínú ìgbáradì lásìkò ìdíje, nítorí ọpọlọ tó ń mì nínú agbárí àwọn ọmọ. Gagliardi ò ra tìmùtìmù kankan. Bàbá, bí ẹ bá ní kí n mú ọ̀kan fún ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ ò tíì gbá a rí, ti Dartmouth ni màá mú.