Kóòdù, Odó àti Ìlù Tó Ń Kí Àgbà

Ẹ kú ìjókòó o. Àwọn tó wà ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí ti gbọ́ ìró tí mo fi ṣí i. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kà á nìkan ni mo ní láti ṣàlàyé fún. Ìró odó ni. Gbì, gbì, gbì, gbì: ìṣẹ́jú àáyá 4 péré. Ẹ̀yìnkùlé ìyá mi ni mo ti fi fóònù gbà á sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gúnyán, jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì sì ń kùn lábẹ́ rẹ̀ bí oyin. Inú ìṣẹ́jú àáyá 4 yẹn ni orin tí mo fẹ́ tú palẹ̀ fún yín ti jáde, orin tí mo fi kóòdù ṣe, ìyẹn àṣẹ tí à ń kọ fún kọ̀ǹpútà.

Ẹni tó bá rò pé àná ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìró ayé dorin, kó wo ìlú Kairo ní Íjíbítì lọ́dún 1944. Halim El-Dabh, olórin kan níbẹ̀, yá ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ rédíò kan, irú èyí tó ń gba ohùn sára wáyà. Ó gbé e lọ síbi tí àwọn obìnrin ti ń ṣe zaar, ìyẹn ètùtù ìwòsàn fún ẹni tí ẹ̀mí ń gùn, ó gba ohùn wọn, ó sì padà wá ń da ohùn náà sínú yàrá tó ń gbohùn-gbohùn títí tó fi di nǹkan mìíràn. Ọdún 4 lẹ́yìn ìyẹn ni Pierre Schaeffer ṣe tirẹ̀ ní Paris pẹ̀lú ìró ọkọ̀ ojú irin. Schaeffer ni ọ̀pọ̀ ìwé fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí. Èmi kì í fi í bẹ̀rẹ̀.

Sonic Pi ni mo lò, ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń sọ kóòdù dorin. Sam Aaron ló dá a sílẹ̀ ní Yunifásítì Cambridge lọ́dún 2012, kí àwọn ọmọ iléèwé tó ń lo kọ̀ǹpútà kékeré Raspberry Pi lè fi orin kọ́ kóòdù. Ọ̀fẹ́ ni. Tí ẹ bá ti gbà á sórí ẹ̀rọ tán, kò tún béèrè dátà lọ́wọ́ yín mọ́. Fóònù mi kì í tọ́jú ohùn sí irú fáìlì tí Sonic Pi ń kà, nítorí náà Audacity, ètò kan tí wọ́n fi ń tún ohùn ṣe, ni mo kọ́kọ́ fi sọ ọ́ di fáìlì wav. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ohùn tí ẹ fẹ́ fi ṣe orin ránṣẹ́ síra yín bíi voice note. Wọ́n máa ń há ohùn bẹ́ẹ̀ mọ́ra kó lè fúyẹ́, ara ìró náà á sì ti gbẹ kó tó dé.

Kóòdù àkọ́kọ́ nìyí:

use_bpm 96

live_loop :odo do
  sample "C:/iro/odo.wav", finish: 0.25
  sleep 1
end

Ìlà àkọ́kọ́ ló sọ bí ìlù yóò ṣe yára tó: ìlù 96 láàárín ìṣẹ́jú kan. live_loop ní kó máa ṣe é lọ láìdúró. sample ní kó tú ohùn jáde, finish: 0.25 sì ní ìdá kan nínú mẹ́rin ohùn náà ti tó, ìyẹn ìgbà tí ọmọ odó balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. sleep ní kó sinmi fún ìlù kan. Ẹni tó bá gbàgbé sleep, ẹ̀rọ náà á kọ̀, á ní live_loop yìí kò sinmi. Mo fẹ́ràn àṣìṣe yẹn. Kọ̀ǹpútà kò mọ sùúrù, ẹni tó ń kọ kóòdù ló gbọ́dọ̀ kọ sùúrù sínú rẹ̀.

Tí ẹ bá yí nǹkan padà, tí ẹ tún tẹ Run, orin kò ní dúró; bó bá ti yípo dé ìbẹ̀rẹ̀, á gbé àyípadà náà wọlé. Báyìí ni mo ṣe bá jẹnẹrétọ̀ yẹn parí ìjà. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń wá bí n ó ṣe yọ ọ́ kúrò. Ohùn tí a gbà sílẹ̀, òǹkà lásán ni nínú kọ̀ǹpútà, 44,100 fún ìṣẹ́jú àáyá kan lọ́pọ̀ ìgbà. Tí mo bá kọ rate: 0.5, ẹ̀rọ á máa ka àwọn òǹkà náà ní ìdajì eré. Ohùn á gùn ní ìlọ́po méjì, á sì wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ gbáà. Mo kọ ọ́, odó di ìlù ńlá, jẹnẹrétọ̀ sì di ohùn kan tó ń kùn lábẹ́ gbogbo orin. Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Agogo kò sí nílé. Agolo mílíìkì àti ṣíbí ni mo lò. Ètò rẹ̀ rèé:

bools(1,0,1,0,1,1,0,1,0,1,0,1)

1 ni ìlù, 0 ni ìdákẹ́. Ààyè 12, ìlù 7. N kò tíì ṣàlàyé tán tí àwọn ará ẹ̀yìn gbọ̀ngàn fi ń pàtẹ́wọ́ rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ọ rí. Òun náà ni wọ́n ń lù nínú bembé, ayẹyẹ òrìṣà, ní Kúbà, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú dé. Lọ́dún 2005, Godfried Toussaint ti Yunifásítì McGill ní Kánádà fi hàn pé ọgbọ́n tí Euclid ará Gíríìsì àtijọ́ fi ń wá nọ́ńbà tó tóbi jù lọ tó lè pín nọ́ńbà méjì láìṣẹ́kù, òun náà ló ń tẹ́ irú ìlù báyìí sílẹ̀: ẹ gbé ìlù 7 sínú ààyè 12 kí wọ́n jìnnà síra dọ́gba tó bó ṣe lè ṣeé ṣe. Sonic Pi ní àṣẹ spread tó ń ṣe é. Àmọ́ ibòmíràn nínú òbírí náà ni spread ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ yí i títí tí yóò fi wọlé níbi tí agogo ti ń wọlé. Èmi fúnra mi kàn kọ ọ́ lọ́wọ́.

Ibi tí orin yìí ti fẹ́ bàjẹ́ ni dùndún. Baba onílù kan ládùúgbò wa bá mi lu "Ẹ káàbọ̀". Ìlù mẹ́rin: àárín, òkè, ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀. Ìlù àkọ́kọ́ ń ṣáájú orin mi, kò bá odó balẹ̀ pọ̀. Mo kọ start: 0.25, kí ohùn náà bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìdá kan nínú mẹ́rin, mo gé e dànù, ohun gbogbo sì balẹ̀ dáadáa. Mo gbé e lọ fún Baba láti gbọ́. Wọ́n fajú ro.

"Ta lò ń kí bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin àgbà ni, Baba."

"Káàbọ̀ ni mo gbọ́. Ṣé ẹgbẹ́ rẹ ni wá?"

"Ẹ" ni mo gé kúrò! Òǹkà kékeré kan nínú kóòdù ló sọ mí di ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́. Odó kò ní ohun tó ń sọ, ẹ gé e bó ṣe wù yín. Ìlù tó ń sọ̀rọ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ lè gbé e sókè tàbí sísàlẹ̀ pẹ̀lú rate, ọ̀rọ̀ náà á ṣì dúró, nítorí gbogbo ohùn jọ ń lọ pọ̀ ni, bí gángan kékeré ṣe ń sọ ohun tí ìyá ìlù sọ. Àmọ́ rate: -1 ń ka ohùn láti ẹ̀yìn wá, ìkíni á sì di ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, òkè, àárín. Kí nìyẹn ń sọ? Baba ní àwọn kò mọ̀, àwọn kò sì fẹ́ mọ̀.

Gígé ìlù onílù ní ọ̀rọ̀ owó nínú pẹ̀lú. Nínú Sonic Pi, ìlù kan wà tí wọ́n pè ní loop_amen. Gregory Coleman ló lù ú lọ́dún 1969 nínú ẹgbẹ́ olórin The Winstons ní Amẹ́ríkà. Wọ́n gé e wẹ́wẹ́ nínú orin tí kò níye, pàápàá ní Ìlú Ọba. Coleman kú lọ́dún 2006 láìrí kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Lọ́dún 2015 ni àwọn olólùfẹ́ ìlù náà dá nǹkan bíi £24,000 jọ fún Richard Spencer, olórí ẹgbẹ́ wọn. Èmi àti Baba ti sọ̀rọ̀ owó kí wọ́n tó gbé ìlù kọ́rùn.

Mo dá "Ẹ" padà. Dípò kí n gé e, mo ní kí dùndún wọlé ní ìdá mẹ́rin ìlù kan ṣáájú odó:

live_loop :dundun do
  sleep 7.75
  sample "C:/iro/ekaabo.wav"
  sleep 0.25
end

"Ẹ" á kọ́kọ́ yọ́ wọlé, "ká" á sì bá odó balẹ̀ gbì. Baba gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní ó dáa, àmọ́ kí n dín jẹnẹrétọ̀ yẹn kù. N kò tíì dín in kù.