Bí Mo Ṣe Ń Fi Omi Po Risẹ́pítọ̀ EGFR, Tí Mo sì Ń Yẹ̀ Ẹ́ Wò Bóyá Ó Ṣì Ń Ṣiṣẹ́

Ẹ káàbọ̀ o. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n gbé ìgò yìí súnmọ́ kámẹ́rà. Ó kéré, àbí? Ẹ wo ìdí rẹ̀ dáadáa: nǹkan funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lẹ̀ mọ́ ọn, bí àmì omi tó gbẹ sára gíláàsì. Purotéènì 100 µg ló wà níbẹ̀, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá mílígíráàmù. Èyí tí ojú wa ń rí yẹn pàápàá, ṣúgà trehalose ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Òun ni wọ́n fi dáàbò bo purotéènì nígbà tí wọ́n ń mú un gbẹ nínú òtútù. Ìgò mìíràn wà tó jẹ́ pé ẹ ò ní rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ẹ má tíì pe ẹni tó tà á ní olè.

EGFR lorúkọ ẹ̀: risẹ́pítọ̀ ni, ìyẹn purotéènì ara sẹ́ẹ̀lì tó ń gba iṣẹ́ tí EGF, purotéènì kékeré tó ń mú sẹ́ẹ̀lì dàgbà, bá mú wá. Lára sẹ́ẹ̀lì, ọ̀nà mẹ́ta ni risẹ́pítọ̀ yìí pín sí: apá kan yọ síta, òun ló ń dì mọ́ EGF, apá kan gba inú awọ sẹ́ẹ̀lì kọjá, apá tó kù wà nínú, òun ló ń jẹ́ iṣẹ́ tí tòde bá gbà. Tòde nìkan ló wà nínú ìgò yìí. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gé e ni. Apá àárín yẹn, ọ̀rá ló bá lára mu, òun àti omi kì í rẹ́. Tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ níbẹ̀, gbogbo ẹ̀ á kàn ṣù pọ̀. Wọ́n wá so histidine mẹ́fà (ọ̀kan lára amino acid tí wọ́n ń tò pọ̀ di purotéènì) mọ́ ọn nídìí bí ìrù, kí wọ́n lè fi irin nickel, tí histidine ń lẹ̀ mọ́, fà á yọ láàárín ọ̀pọ̀ purotéènì.

Sẹ́ẹ̀lì ènìyàn tí wọ́n ń pè ní HEK293 ni wọ́n fi ṣe tèmi. Wọ́n ti jíìnì rẹ̀ bọ sẹ́ẹ̀lì nínú, sẹ́ẹ̀lì sì ń tú purotéènì náà sínú omi tó ń gbé. Ẹ lè rí èyí tí wọ́n ṣe nínú baktéríà E. coli, tí owó rẹ̀ fúyẹ́. Ẹ rò ó kẹ́ ẹ tó rà á. Apá òde EGFR kún fún cysteine, amino acid mìíràn tó gbọ́dọ̀ so mọ́ra wọn ní méjì-méjì, ó sì ní ṣúgà lára. E. coli kì í fi irú ṣúgà yẹn sí i.

Ó yá, iṣẹ́ yá. Ìwé tó bá ìgò wá la ó kọ́kọ́ kà. Ohun méjì ni mò ń wá níbẹ̀. Èkíní ni irú ìrù tó wà lára rẹ̀. Màá padà sórí ìyẹn, torí ó ti dójú tì mí rí. Èkejì: inú kí ni purotéènì yìí wà kí wọ́n tó mú un gbẹ? Tèmi sọ pé PBS, omi oníyọ̀ tá a máa ń lò ní láàbù. Ìyẹn ni pé iyọ̀ PBS ṣì wà nínú ìyẹ̀fun yìí. Tí mo bá tún da PBS lé e lórí, iyọ̀ á pọ̀ jù. Omi mímọ́ tí kò ní kòkòrò ni màá lò. Bí ìwé tiyín bá sọ nǹkan mìíràn, tiyín ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé.

Ó ti tó ìdajì wákàtí tí mo ti gbé ìgò yìí jáde nínú fírísà, mi ò sì tíì ṣí i. Bí ẹ bá ṣí i ní tútù, ìrì á sẹ̀ sínú rẹ̀. Mo wá gbé e sínú sẹ́ńtífúùjì, ẹ̀rọ tó ń fi túùbù yí kíákíá, ìṣẹ́jú kan péré, kí ohun tó bá fò mọ́ ìdérí lè padà sísàlẹ̀. Ẹ dákun, ẹ má fo ibí yìí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo já ìdérí ìgò kan báyìí láìfi í yí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi bínú sí EGF pé kò dì mọ́ nǹkan kan. Ìgbà tí mo ń palẹ̀ àpótí tí mò ń kó ìgò òfo sí mọ́ ni mo tó yí ìdérí yẹn lójú dé: abẹ́ rẹ̀ funfun. Ibẹ̀ ni purotéènì mi wà látọjọ́ yìí.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. 200 µg/mL ni mo fẹ́. 100 µg ló wà nínú ìgò. Omi ìdajì mílílítà nìyẹn, 500 µL.

Ẹ wo ọwọ́ mi báyìí. Ẹnu pípẹ́ẹ̀tì kò kan ìyẹ̀fun. Ara ìgò ni mo gbé e tì, mò ń jẹ́ kí omi ṣàn wálẹ̀ fúnra rẹ̀, mo sì ń yí ìgò bí omi ṣe ń lọ, kó lè fọ gbogbo ara rẹ̀ yíká. Mo dé e. Mo tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, mo tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ṣé ẹ rí i pé kò hó? Ẹ̀rọ tó ń mi túùbù gìrìgìrì yẹn, tí gbogbo wa fẹ́ràn, ẹ pa á tì lónìí. Ibi tí omi ti pàdé afẹ́fẹ́ ni purotéènì ti máa ń tú kúrò ní bó ṣe ká, ibi tó bá sì ti hó, ojú ìpàdé yẹn ló pọ̀ sí i. Èyí tó bá ti tú kì í sábà padà sípò. Ẹ fi sílẹ̀ fún ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ojú á sọ fún yín pé ó ti yòrò kíá. Ẹ má dá a lóhùn.

Ọ̀rọ̀ BSA, purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ màlúù, wá kù. Bí purotéènì bá kéré nínú omi, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ara ike, ẹ ó sì rò pé inú túùbù ló wà. Ìdí nìyẹn táwọn kan fi ń fi BSA 0.1% sí i, kí BSA lè lẹ̀ mọ́ ike dípò tiwa. Kò burú, ṣùgbọ́n kí lẹ fẹ́ lò ó fún? Bí ẹ bá fẹ́ fi tẹ́ ìdí pùléètì ELISA (ike oníhò tá a fi ń wò ó bóyá purotéènì kan ń dì mọ́ èkejì), BSA á gba àyè mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí ẹ bá fẹ́ so biotin, fítámì kékeré tá a fi ń sàmì sí purotéènì, mọ́ ọn, BSA ló máa kó èyí tó pọ̀ jù lọ. Bí ẹ bá sì lọ fi ìmọ́lẹ̀ 280 nm wọn iye purotéènì tó wà níbẹ̀, BSA lẹ wọ̀n. Pùléètì ni èmi ń lọ, nítorí náà mi ò fi BSA sí i. Túùbù tí purotéènì kì í fi bẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́ ni mo lò, mi ò sì fi omi là á ju báyìí lọ kí n tó fi í pamọ́.

Mo pín in sí 20 µL, 20 µL. Ìṣirò ní mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni. Mẹ́rìnlélógún ni mo rí, pípẹ́ẹ̀tì náà ti jẹ tiẹ̀. Ó di inú fírísà −80 °C. Èyí tó bá ti yọ́, kò gbọdọ̀ padà síbẹ̀ mọ́. Ẹ kọ ọjọ́ sí túùbù lára.

Mo fi díẹ̀ sórí jẹ́ẹ̀lì, tó ń to purotéènì bí wọ́n ṣe tóbi sí, láti wo bó ṣe rí. Ibí yìí máa ń já ẹni tuntun láyà. Tí ẹ bá ṣírò amino acid rẹ̀, nǹkan bíi 68 kDa (òṣùwọ̀n ìwúwo purotéènì) lẹ ó rí. Ẹ wá wo jẹ́ẹ̀lì: ìlà náà dúró sókè, nítòsí 100, ó sì fẹ̀ díẹ̀. Kò sóhun tó bà jẹ́. Ṣúgà ara rẹ̀ ni. Ẹ fi énsáìmù PNGase F gé ṣúgà yẹn kúrò, ìlà á wálẹ̀, á sì tín-ín-rín. Èyí tó bá yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù ni kí ìlà kékeré mélòó kan máa tò lọ sísàlẹ̀: nǹkan kan ti ń gé e wẹ́wẹ́ nìyẹn.

Jẹ́ẹ̀lì kò lè sọ fún wa bóyá ó ṣì ń dì mọ́ EGF. Mo po risẹ́pítọ̀ sínú PBS dé 2 µg/mL, mo sì da 100 µL sínú ihò kọ̀ọ̀kan lórí pùléètì. Ó di fíríìjì, 4 °C, títí di àárọ̀.

Bó ṣe ń sùn lọ́wọ́, ẹ jẹ́ n sọ èyí. EGF tá a fẹ́ fi dán an wò yìí, amino acid 53 péré ni. Inú ẹ̀yà ara tó ń sun itọ́ lára eku ni Stanley Cohen ti rí i. Ohun tó fi fura ni pé ọmọ eku tó bá fún ní oje rẹ̀ ń la ojú ṣáájú ọjọ́. Òun àti Rita Levi-Montalcini ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1986.

Ilẹ̀ ti mọ́. Mo fi PBS tó ní Tween 0.05%, irú ọṣẹ kan, fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo wá da BSA 2% sí i fún wákàtí kan. Ní báyìí BSA wúlò: ó ń dí gbogbo àyè tó ṣófo lára ike. Lẹ́yìn náà ni EGF tó ní biotin, láti 3,000 ng/mL, mò ń dín in kù sí ìdá kan nínú mẹ́ta láti ihò kan sí èkejì. Streptavidin, purotéènì tó ń dì mọ́ biotin, tó gbé HRP, énsáìmù tó máa yọ àwọ̀ jáde, ló tẹ̀ lé e.

Kí ló dé tí mi ò lo áńtíbọ́dì (purotéènì tó ń gbá nǹkan kan pàtó mú) tó ń mú ìrù histidine? Ẹ̀kọ́ ojú títì nìyẹn. Risẹ́pítọ̀ mi ní ìrù histidine, EGF tí mo rà nígbà náà náà ní in. Gbogbo ihò tí mo tẹ́ risẹ́pítọ̀ sí ló pọ́n yòò, títí kan èyí tí mi ò fi EGF sí rárá. Mo ti pe ọ̀gá mi wá wo àṣeyọrí kí n tó rí ihò yẹn. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí ìlà méjì yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́: ọ̀kan kò ní EGF, èkejì kò ní risẹ́pítọ̀. Méjèèjì gbọ́dọ̀ ṣá.

Mo da TMB, omi tí HRP ń sọ di aláwọ̀, sí i. Ẹ wò ó, ó ń di búlúù, òkè, níbi tí EGF ti pọ̀ jù, ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó dúdú jù; bí ihò òkè bá ti ki dáadáa, ẹ da ásíìdì sí i ní kíá, ó sì di yẹ́lò. Ẹ kà á ní 450 nm.

Àwòrán tó jáde rèé: ó bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀, ó gòkè, ó tẹ́ lókè. Mo sàmì sí iye EGF tó gbé e dé ìdajì, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú nọ́ńbà ìgò yìí. Bí ìgò tuntun bá dé, ẹ̀gbẹ́ ìlà yìí ni màá gbé tiẹ̀ sí kí n tó fi ṣe iṣẹ́ kankan.