Oògùn Tó Ń Wá Ojúlé

Ẹ kú ìjókòó o. Bí orí bá ń fọ́ yín, tí ẹ gbé hóró oògùn mì, báwo ló ṣe mọ̀ pé orí lẹ rán an lọ? Kò mọ̀. Gbogbo ara ló ń ká kiri. Ìwọ̀nba tó bá yà síbi tí ìrora wà ló ń ṣe iṣẹ́ tí ẹ fẹ́.

Kó tó káàkiri pàápàá, ojú rẹ̀ á ti rí màbo. Omi kíkan inú ikùn ń dúró dè é. Bó bá bọ́ níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ìfun bọ̀ á gbé e gba inú ẹ̀dọ̀, oníbodè tó máa ń bù nínú ẹrù kó tó jẹ́ kó kọjá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi nitroglycerin sábẹ́ ahọ́n ẹni tí àrùn ọkàn ń fún láyà. Insulin ńkọ́? Purotéènì ni, bí ẹran ni ikùn ṣe máa ń dà á. Láti 1922 tí aláìsàn àtọ̀gbẹ ti kọ́kọ́ gbà á, ojú abẹ́rẹ́ ló ṣì ń gbà jù.

Abẹ́rẹ́ náà ò sì parí ọ̀rọ̀. Ẹ wo doxorubicin. Ó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, ó sì lè ṣe ọkàn aláìsàn léṣe (ọkàn tó ń lù kì-kì láyà ni mo wí). Làwọn onímọ̀ bá wá àpò ọ̀rá fún un, tí à ń pè ní liposome. Nínú yàrá ìwádìí, a ó yọ́ ọ̀rá náà sínú chloroform nínú ìgò oníkùn rogodo, a ó máa yí i títí chloroform á fi gbẹ, tí ọ̀rá á sì lẹ̀ mọ́ ara ìgò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. A ó wá bu omi sí i. Bí ẹ bá ti ń mì ín, omi tó mọ́ gaara á ṣú bí omi ọṣẹ. Mo ti ṣe é láìmọye ìgbà, ó ṣì máa ń wù mí wò. A ó tì í gba inú asẹ́ tó kúnná títí àwọn àpò náà á fi kéré débi pé 800 wọn lórí ìlà kan kò ju ìbú irun orí kan lọ. Ìgbà yẹn la ó tó kó oògùn sínú wọn. Ìbora PEG (èròjà kan tó ń fa omi mọ́ra) ni kì í jẹ́ kí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣọ́ ara tètè gbé wọn mì.

Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 1995. Doxil lorúkọ rẹ̀. Ara tu ọkàn. Ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn kan ń pọ́n, ó ń ta wọ́n, awọ ń bó: àpò ti lọ sọ díẹ̀ nínú ẹrù kalẹ̀ sínú awọ.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ò fẹ́ràn ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ní 2016, wọ́n ṣàkójọ ìwádìí ọdún mẹ́wàá lórí irú àwọn àpò àti hóró kíkéré báyìí nínú ẹranko. Iye tó dúró láàárín nínú èsì wọn ni pé 0.7 péré nínú 100 ohun tí wọ́n gún ló dé inú kókó jẹjẹrẹ. Ibo ni ìyókù ń lọ? Ẹ̀dọ̀ ló ń gba púpọ̀ níbẹ̀.

Oníbodè yẹn náà la wá sọ di onílé. Patisiran, oògùn àìsàn àjogúnbá kan tó ń ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2018, ń gun hóró ọ̀rá lọ sínú ẹ̀dọ̀ tààrà, níbi tí ara ti ń ṣe purotéènì tó fa àìsàn náà, ó sì ń pa àṣẹ ìṣẹ̀dá rẹ̀ rẹ́. Ẹni tó bá wá fẹ́ rán irú ẹrù bẹ́ẹ̀ sí ọpọlọ, ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ ṣì ń tì í padà. Ibẹ̀ lèmi ń kan ilẹ̀kùn báyìí.