Má Tíì Kúrò Lórí Pápá

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọba tó jí wa láyọ̀. Ibi tí a ó kà láàárọ̀ yìí ni Míkà 7:8, níbi tí wòlíì ti sọ fún ọ̀tá rẹ̀ pé kó má yọ òun, pé bí òun bá ṣubú, òun yóò dìde.

Ẹni tó ṣubú lẹ́ẹ̀mejì níwájú ọ̀tá kan náà, tí ayé ń wò ó, ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Etiópíà nìyẹn. Nígbà tí ìdíje ife ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ ní Khartoum lọ́dún 1957, Íjíbítì nà wọ́n ní góòlù 4 sí òdo nínú àṣekágbá. Ẹnì kan ṣoṣo, Ad-Diba, ló gbá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé. Wọ́n tún pàdé ní Kaírò lọ́dún 1959. Góòlù 4 sí òdo náà ni. Ìtìjú ńlá gbáà!

Síbẹ̀, wọ́n tún jáde lọ́dún 1962, nílé ara wọn ní Addis Ababa. Wọ́n na Tùnísíà 4 sí 2, ni wọ́n bá tún kan Íjíbítì ní àṣekágbá, ní ọjọ́ 21 oṣù Kìíní, lójú Ọba Haile Selassie fúnra rẹ̀. Íjíbítì ló kọ́kọ́ gbá góòlù wọlé. Eré ti ń lọ sópin kí Girma Tekle tó dá a padà. Ariwo ayọ̀ kò tíì rọlẹ̀ tí Íjíbítì fi gbá ẹ̀kejì wọlé, láàárín ìṣẹ́jú kan! Ẹ̀yin tí ìrètí yín ti tàn rí, tó tún kú lọ́jọ́ kan náà, ẹ mọ bó ṣe ń rí lára. Ṣùgbọ́n Luciano Vassallo, balógun ikọ̀ náà, tún dá a padà. Nínú àfikún àsìkò, Italo àbúrò rẹ̀ gbá ẹ̀kẹta wọlé, Mengistu Worku sì fi ẹ̀kẹrin dé e. Ìṣẹ́jú 90 ti pé, wọn kò tíì borí. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ìṣẹ́gun wọn tó dé.

Ẹ jẹ́ kí n fi tiwa kún un, nítorí ó ṣì ń dùn mí. Nàìjíríà ló kọ́kọ́ na Tùnísíà yẹn 2 sí 1 ní Èkó, nígbà tí wọ́n ń du ààyè ìdíje náà. Ní Tunis, nígbà tó di 2 sí 2, àwọn ọmọ wa fi ìbínú kúrò lórí pápá. Bí a bá ro gbogbo góòlù pọ̀, àwa la wà níwájú! Wọ́n gbé ìṣẹ́gun fún Tùnísíà, àwọn ló sì lọ sí Addis Ababa. Mi ò sọ pé ìbínú yẹn kò nídìí. Ó lè jẹ́ pé wọ́n rẹ́ ìwọ náà jẹ lóòótọ́, níbi iṣẹ́ tàbí nínú ẹbí. Sunkún bí o bá fẹ́ sunkún, fi ẹjọ́ sun Ọlọ́run, ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, má jáde. Ìwọ tí o ti ṣe ìdánwò JAMB títí, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ ti ń parí yunifásítì, ìwọ ni mò ń bá wí.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Baba, ọ̀tá tó ti nà mí lẹ́ẹ̀mejì, tó ń retí ẹ̀kẹta, jẹ́ kó bá agbára Rẹ pàdé lára mi. Olúwa, ìbínú tí yóò lé mi kúrò níbi ìbùkún mi, mú un kúrò lọ́kàn mi láàárọ̀ yìí. Àwọn tí ayé ti sọ pé àsìkò wọn ti kọjá, fún wọn ní àfikún, kí O sì fún wọn lókun láti lò ó. Bí O ṣe fún Luciano ní Italo, fún mi ní ẹni tí yóò bá mi parí ohun tí mo bẹ̀rẹ̀. A sì rántí Etiópíà lónìí, ilẹ̀ tí ogun àti ọ̀dá ti fìyà jẹ: Ọlọ́run, tù wọ́n nínú, fún wọn ní àlàáfíà. Ní orúkọ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.