Bí A Ṣe Ń Wọn Eré Ọmọ Tó Ń Gbá Básíkẹ́ẹ̀tì Lórí Àga Oníkẹ̀kẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin kóòṣì àti òbí wa ní Ìkòròdú. Kí ẹ tó tẹ aago rárá, ẹ fọwọ́ tẹ táyà àga ọmọ náà wò. Táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ ti dín kù máa ń fa àga sẹ́yìn. Ọmọ á lo agbára rẹ̀ tán, aago á sì pè é ní ọ̀lẹ. Ìwọ̀n atẹ́gùn tó yẹ wà lára táyà. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i dé ibẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n lórí kọnkéré lónìí, tó di orí pákó lóṣù tó ń bọ̀, ilẹ̀ lẹ wọ̀n, kì í ṣe ọmọ.

Ó yá, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà síbi ìbẹ̀rẹ̀, sí mítà 5 àti mítà 20. Mítà 5 yẹn ń fi bó ṣe ń gbéra hàn, ìgbéra ló sì ń já ọmọ gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Kí àwọn táyà kékeré iwájú kọjú síbi tó ń lọ. Bí wọ́n bá dábùú, ìtì àkọ́kọ́ (ìgbà àkọ́kọ́ tó fọwọ́ ti táyà síwájú) ti ṣòfò. Ẹ fi fóònù ya fídíò láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ ka àkókò níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni kó sá a, kó sinmi ìṣẹ́jú 3 láàárín. Ẹ mú èyí tó yá jù.

Lẹ́yìn náà, kó tún un sá pẹ̀lú bọ́ọ̀lù. Òfin ni pé ìtì méjì péré ló tó kó tó ta bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀. Ìyàtọ̀ àkókò méjèèjì ló ń sọ bó ṣe mọ bọ́ọ̀lù lò tó, lójú tiwa òun ló wúlò jù nínú gbogbo rẹ̀.

Ẹ má fi ọmọ ìpele 1.0 wé ti 4.5; ìpele ni nọ́ńbà tí wọ́n ń fún ọmọ gẹ́gẹ́ bí ara rẹ̀ ṣe lè ṣiṣẹ́ tó, 1.0 ló kéré jù, 4.5 ló ga jù. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìpele 1.0 ni kò lè fi àyà àti ikùn gbé ara dúró. Kódà láàárín ọmọ ọdún 13 méjì, ọ̀kan lè ti bàlágà. Nọ́ńbà ọmọ kọ̀ọ̀kan ti oṣù méjì sẹ́yìn ni kẹ́ ẹ fi wé tòní. Bí àga bá yí padà, ẹ ṣí ojú ìwé tuntun.

Ọmọ tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ bà jẹ́ lókè àyà, ọkàn rẹ̀ kì í sáré bíi tàwọn yòókù, nítorí náà ẹ má fi ìlù ọkàn díwọ̀n àárẹ̀ rẹ̀, ẹ bi í pé láti 0 dé 10, báwo ló ṣe rẹ̀ ẹ́ tó? Ara rẹ̀ kì í làágùn dáadáa, ooru á tètè mú un. Àárọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n, pẹ̀lú omi àti ibòji nítòsí.

Bí èjìká bá ń dun ọmọ, ẹ má wọn nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Ẹ kọ “èjìká” síwájú orúkọ rẹ̀.