Kí Ẹ Tó Ra Delay Olówó Pọ́ọ́kú

(Gìtá dún lẹ́ẹ̀kan, ìró rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta.)

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ta okùn yẹn o. Delay, pẹ́dà kékeré tó ń gba ohùn gìtá tó sì ń dá a padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ló ń dá ìyókù sọ.

Bí ẹ bá fẹ́ ra èyí tí kò wọ́n, iye oríṣi ohùn tó wà nínú rẹ̀ ni ọlọ́jà máa kọ́kọ́ kà fún yín: mẹ́sàn-án, mọ́kànlá, méjìlá. Ẹ jẹ́ kó kà á tán. Delay ilé iṣẹ́ BOSS tí wọ́n ń pè ní DD-3, tó jáde ní 1986, bọ́tìnì mẹ́rin péré ló ní, kò sì lè dá ohùn dúró ju mílísẹ́kọ́ndì 800 lọ, síbẹ̀ àwọn onígìtá ò tíì jù ú nù. Ṣé 800 tó? Ẹ pín 60,000, iye mílísẹ́kọ́ndì tó wà nínú ìṣẹ́jú kan, sí iye ìlù tó wà nínú ìṣẹ́jú náà, ẹ ó rí àkókò tó wà láàárín ìlù kan sí èkejì. Orin tó ń lọ ní 120, 500 ni. Orin ìjọsìn tó rọra ń lọ ní 80, 750 ni. Ó tó.

Ohun tí èmi máa bèèrè ni tap tempo, kí n lè fi ẹsẹ̀ tẹ ìyára orin fún un. Onílù ṣọ́ọ̀ṣì ò ní dúró dè yín kí ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ máa yí bọ́tìnì! DD-3T tó dé ní 2019 ní in.

Àwọn kékeré tí wọ́n kọ “analog” sí lára, bí ẹni pé wọn kì í ṣe dígítà, ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn, PT2399 ló wà nínú wọn, chip dígítà láti Taiwan tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ kàráókè. Kò burú o. Ohùn rẹ̀ rọ̀, kì í gún etí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ nínú jùjú. Àmọ́ bí ẹ bá ṣe ń fa àkókò rẹ̀ gùn tó, bẹ́ẹ̀ ni ariwo á ṣe máa wọ̀ ọ́ tó.

Nítorí náà, tí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ má tíì ta orin kankan. Ẹ yí àkókò dé òpin, ẹ gbé feedback, bọ́tìnì tó ń sọ iye ìgbà tí ìró máa padà, sí àárín, ẹ ta okùn kan, kí ẹ sì fọwọ́ pa á lójú ẹsẹ̀. Ìró tó kẹ́yìn ni kí ẹ dẹtí sí. Ṣé ohùn gìtá ṣì ni, àbí ṣììì ló kù?

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ ṣí ibi tí bátìrì ń gbé. Ìyẹ̀fun funfun tàbí aláwọ̀ ewé lẹ́nu irin rẹ̀, bátìrì ti jò síbẹ̀ nìyẹn. Ẹ mi waya lójú ihò rẹ̀ náà. Tí ohùn bá ń já, ẹ dín owó kù tàbí kí ẹ máa lọ.

Ó ku iná. Delay dígítà máa ń jẹ bátìrì kíákíá, àdápítọ̀ lẹ máa lò. Fún BOSS àti ọ̀pọ̀ irú rẹ̀, volt 9 ni, àmì − ló sì wà láàárín ẹnu rẹ̀. Ti rọ́tà íntánẹ́ẹ̀tì tó wà nílé yín máa ń wọ ihò yẹn gẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n + ló sábà máa ń wà láàárín tiẹ̀, òmíràn sì jẹ́ volt 12. Àwòrán kékeré àmì yẹn wà lára àdápítọ̀, ó wà lára pẹ́dà. Ẹ fi wọ́n wé ara wọn kí ẹ tó tan jẹnẹrétọ̀.